Ìbọn Ọwọ́ Mi àti Fóònù Tí Ẹ Kò Gbé

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ ń kà á, ẹ kú alẹ́ bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìrun alẹ́ ni ìwé ìròyìn yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kí kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Mo kí Màmá mi tí wọ́n ń pa irọ́ fún mi lórí fóònù nítorí yín, kí Ọlọ́run má ka irọ́ náà sí wọn lọ́rùn. Mo kí Ráṣídì àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ló kó mi sí wàhálà. Mo kí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún wọn bí ẹ bá ti ti ìrun Jímọ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Mo bẹ àwọn olóòtú gidi kí wọ́n tó gbà láti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún mi láti bá yín sọ̀rọ̀ nìyí.

Láti ẹ̀yìn Iléyá ni ẹ kò ti gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pe Màmá, tí mo ní kí wọ́n gbé e fún yín, wọ́n á ní ẹ ń ṣe àlùwàlá. Mo pè láàárọ̀, àlùwàlá. Mo pè lọ́sàn-án, àlùwàlá. Háà, Bàbá mi, irú àlùwàlá wo ni kì í tán yìí? Ṣé odò lẹ ń gbọ́n gbẹ ni? Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá ní ẹ ti jáde, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín lẹ́yìn wọn, mo sì gbọ́ ikọ́ yín. Ikọ́ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ti ẹlòmíràn ni? Mo ní kò burú, kí wọ́n bá mi kí yín. Mo pa fóònù, mo sunkún ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Thamesmead, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, títí obìnrin Òyìnbó kan fi fún mi ní tíṣù. Kò béèrè ohun tó ṣe mí. Bí wọ́n ṣe ń ṣàánú èèyàn níbí nìyẹn, wọ́n á fún ẹ ní tíṣù, wọ́n á sì wo ibòmíràn.

Mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Fọ́tò tí mo gbé sórí Wátsáàpù ni Ráṣídì fi hàn yín. Ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n òun yangàn ni, pé kí ẹ wo bí Kúdí ṣe dúró bí ọ̀gágun. Ẹ rí ọmọ yín tó wé ìborí, tó fi ẹ̀gbẹ́ dúró, tó na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ, tí ìbọn ìléwọ́ sì wà nínú ọwọ́ náà. Ráṣídì ní ẹ dá fóònù padà fún òun, ẹ gbé sísọ́ọ̀sì, ẹ ń gé aṣọ yín lọ. Nígbà tó yá ni ẹ sọ fún Màmá pé ẹni tó bá gbé ìbọn, ẹ kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá a sọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ bí nínú ara yín.

N kò bá yín jà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù yín, nígbà tí èmi àti Ráṣídì ṣì kéré. Iléyá ku ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù kún fún aṣọ oníbàárà, ẹ̀rọ ń sáré, èmi ni mo ń bá yín fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tí wọn kò tíì hu irùngbọ̀n wọlé, ọ̀kan nínú wọn fa ìbọn ìléwọ́ yọ, ó ní kí ẹ dojú bolẹ̀. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí tọmọdé tàgbà àdúgbò ń wólẹ̀ kí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àjákù aṣọ níwájú èmi àti Ráṣídì, ẹ sì ń pe ọmọ yẹn ní sà. Wọ́n kó owó, wọ́n kó léèsì oníléèsì, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sí ẹni tó fara pa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú yín nígbà tí ẹ dìde. Ẹ̀rù kọ́ ló wà níbẹ̀, Bàbá, ìtìjú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn oníke tí Ráṣídì fi owó ọdún rẹ̀ rà, ẹ fi òòlù fọ́ ọ túútúú, Ráṣídì sunkún títí ó fi sùn lọ. Mo mọ̀. N kò gbàgbé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe irú tiwọn. Ní ìlú yìí, òfin kò gba aráàlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ tó ń fi ẹ̀tù yin ọta. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń ti ọta tèmi. N ó ṣí orí rẹ̀ sókè, n ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ padà, ìyẹn ni yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọta òjé tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ yóò jáde lọ dá páálí lu. Kì í wà níta gbangba láìsí nínú àpò rẹ̀, ọta kì í sì í wà nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ilé mi àti gbọ̀ngàn tí a ti ń yìnbọn sí páálí, ibi tó mọ̀ nìyẹn. N kò ní purọ́ fún yín pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ó lè fọ́ ojú èèyàn. Nítorí náà ni òfin gbọ̀ngàn yẹn ṣe le bí ojú ẹja, ọ̀rọ̀ òfin náà sì ń bọ̀ níwájú.

Ẹ ó ní kí ló gbé obìnrin, ọmọ télọ̀, dé ìdí ìbọn? Ìdánìkanwà ni, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kí n yé fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún yín.

Iṣẹ́ dáa lóòótọ́, n kò tàn yín. Láti òwúrọ̀ ni mò ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn ní Thamesmead. N ó wẹ̀ fún wọn, n ó wọṣọ fún wọn, n ó fún wọn lóògùn, n ó tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, ó ti parí, ó di ilé ẹlòmíràn. Àkókò tí wọ́n fún wa lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó èyí tí èèyàn fi ń jókòó. Mọ́mì kan wà nínú wọn tó ń pè mí ní Jean. Jean lorúkọ ọmọ rẹ̀ tí kì í wá wò ó. Mo kọ́kọ́ ń sọ orúkọ mi fún un, nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Jean. Nínú ilé tí mò ń gbé ní Plumstead, a pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kálukú ló ní àyè tirẹ̀ nínú fíríìjì, kálukú ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹsẹ̀ ara wa lórí àtẹ̀gùn la mọ̀, a kò mọ ojú ara wa. Bí mo bá se ẹ̀fọ́, bí olè ni mo ṣe ń sè é, nítorí òórùn irú.

Ìgbà òtútù ló wá burú jù. Oòrùn á ti wọ̀ kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, afẹ́fẹ́ odò Thames á máa gbá èèyàn létí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Bí ọjọ́ ìsinmi mi bá dé, mo lè wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ ohùn ara mi. Mo lọ ra iṣu lọ́jọ́ kan ní Plumstead High Street. Iṣu kò wù mí jẹ, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kí ìyá tó ń tajà níbẹ̀ bá mi nájà ni, kó ní iṣu òun dáa, kí n ní kò dáa tó bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ló wà. Ó na ọwọ́, ó gba owó, ó fún mi ní ṣéńjì, kò wojú mi. Mo gbé iṣu náà délé, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó bẹ ẹ́.

Òjò ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn onípáálí yìí. Mo ń ti ilé arúgbó kan bọ̀, òjò olómi dídì ká mi mọ́ ojú ọ̀nà, mo sáré yà sí gbọ̀ngàn kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mo gbọ́ tó ń dún nínú, tá, tá. Àwọn Òyìnbó tó ti lọ́jọ́ lórí ló tò síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń yìnbọn sí páálí lára ògiri. Yéè! Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ bá eré lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Derek, òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó ìlà tí wọ́n ti ń yìnbọn, ó rí mi, ó ní kí n wọlé wá mu tíì, pé wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ náà. Ó béèrè orúkọ mi. Mo ní Kúdírátù. Ó gbìyànjú láti pè é, ó bà á jẹ́ pátápátá, ó wá bẹ̀ mí pé kí n tún un pè kí òun gbọ́ dáadáa. Bàbá, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n tún orúkọ mi pè. Kúdì ló bọ́ sí lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì ń pè é bí ẹni tí eyín ń ro. Kò burú. Èmi náà ló ń pè, kì í ṣe Jean.

Wọ́n gbé ìbọn ẹgbẹ́ fún mi kí n dán an wò. Derek ní kí n má fi ojú lé páálí, irin kékeré iwájú ìbọn ni kí n wò, kí n mí sínú, kí n mí díẹ̀ síta, kí n wá dúró. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ohùn yín ni mo ń gbọ́! Nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí ẹ sọ mí di ẹni tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún yín, bí ẹ ṣe kọ́ mi gan-an nìyẹn. Ẹ ní kí n mí, kí n dúró, kí n má lé abẹ́rẹ́, kí n jẹ́ kí ihò rẹ̀ wá bá òwú. Mo fà á. Ọta náà wọnú dúdú àárín páálí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó tì wọ́n, mo jẹ bísíkíìtì wọn, mo sì gbàgbé pé òjò ti dá.

Bí mo ṣe di ara wọn nìyẹn, ó di gbogbo ọ̀sán Sátidé. Mo ń lo ìbọn ẹgbẹ́ títí mo fi ra tèmi. Àlòkù ni. Bàbá àgbà kan tó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn ló fi sílẹ̀ kí wọ́n bá òun tà. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù tọ́ wa dàgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ó dọ̀tí, róbà inú rẹ̀ ti gbó, afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀, ọta á jáde jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Owó rẹ̀ kò tó ti bàtà òtútù tí mo wọ̀, kò sì dí owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́wọ́ rárá, Màmá lè jẹ́rìí mi. Àwọn kan nínú wọn ní èyí tó ń dán gbinrin. Ẹ má dá wọn lóhùn, ojú mi kì í wọ ohun olóhun.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, Derek ń tọ́ mi sọ́nà. Róbà la kọ́kọ́ pààrọ̀. Nǹkan tí kò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe fi sí i báyìí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọta bí ọmọlúwàbí. Lẹ́yìn náà ni mo pààrọ̀ irin kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tí a ń gbà wo ọ̀ọ́kán, torí ti tẹ́lẹ̀ ti wọ́. Derek tú ibi tí ìka ń fà, ó mú un rọ̀ níwọ̀nba. Ìdìmú ló fún mi níṣẹ́ jù. Igi tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ọwọ́ mi kàn ń sọnù sínú rẹ̀. Ọmọ télọ̀ ṣe fẹ́ gbé ohun tí kò bá a mu? Mo ra sáńpépà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó ha á, n ó dì í mú wò, n ó tún ha á, bí ìgbà tí oníbàárà bá wá dán aṣọ wò lára tí ẹ tún ní kó bọ́ ọ. Ibi tí mo ti ha jù, mo fi ohun tí káfíńtà fi ń dí ihò igi dí i. Lọ́jọ́ tó bá ọwọ́ mi mu wẹ́kú, mo pariwo nínú yàrá, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì gbá ògiri gbì. Mo rán àpò fún un pẹ̀lú. Àjákù àǹkárá tí ẹ fi di àwo Màmá sínú ẹrù mi ni mo fi ṣe inú rẹ̀.

Ó wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òfin tó ju òfin lọ ní gbọ̀ngàn náà ni pé bí ìbọn bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ páálí ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bó bá jẹ́ iná ló ń jó ilé, wàá kọ́kọ́ gbé ìbọn sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá wà lórí ìlà kì í wẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí mo ṣe mọ Fátíhà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wà lórí ìlà, ọta ti wà nínú ìbọn, mo ti gbé ọwọ́ sókè. Ohùn kan dún lẹ́yìn mi, ó kí wa kú iṣẹ́. Ní Yorùbá! Kì í sì í ṣe Yorùbá àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ iṣu gbígbóná. Ohùn àgbà ni, ó fa ìkíni náà gùn gẹ́lẹ́ bí ẹ̀yin ṣe máa ń fà á. Bàbá mi, n kò ronú. Orúnkún mi ló ronú fún mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti yí padà, mo ti kúnlẹ̀, mo ń ní ẹ káàsán sà, ìbọn sì wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gba ojú gbogbo àwọn tó jókòó kọjá, ó wá dúró sí àyà bàbá arúgbó náà.

Derek lọgun. Gbogbo èèyàn gbé ìbọn sílẹ̀. Ẹnì kan ti bẹ́ sẹ́yìn àga. Bàbá náà dúró gan-an bí igi, wọ́n wọ jálàbíà, wọ́n dé fìlà, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ wọn. Alhaji ni wọ́n ń pè wọ́n. Ará Ìbàdàn ni wọ́n, iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn ló ń ṣí gbọ̀ngàn náà tí wọ́n sì ń tì í. Wọ́n wo ẹnu ìbọn, wọ́n wo èmi tí mo kúnlẹ̀. Ojú tí mo rí lára yín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọjọ́sí, òun náà ni mo rí lára wọn. Derek rọra gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó yọ ọta inú rẹ̀.

Wọn kò bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Derek kàn sọ jẹ́jẹ́ pé kí n má wá mọ́ títí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yóò fi jókòó, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí n máa lọ pátápátá. Mo gbà, ìjìyà náà tọ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ráṣídì fi fọ́tò hàn yín, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá yín. Ẹ wò ó, Bàbá, ẹni méjì ló ń pe orúkọ mi bí orúkọ láyé yìí, ẹ̀yin nílé, àwọn onípáálí níbí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilẹ̀kùn méjèèjì tì. Bí Sátidé bá dé, n ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn náà, n ó rí iná nínú rẹ̀, n kò ní sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ fún ògiri rí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ ni, kì í ṣe kí ẹ káàánú mi.

Iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal ni mo ti pàdé Alhaji, ní àgbègbè tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ogun láyé àtijọ́, tó jẹ́ ilé olówó ló kún ibẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní àwọn tó ń sáré lé ọkọ̀ á tẹ̀ mí pa. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán, wọ́n wá béèrè oríkì mi. Mo ní Àjíkẹ́. Wọ́n pè mí ní Àjíkẹ́. Bàbá, mo bú sẹ́kún láàárín ọ̀nà, láìka ẹni tó ń wò sí. Láti ìgbà tí ẹ ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀.

Alhaji ní orúnkún mi kò jẹ̀bi, ọwọ́ mi ló gbàgbé ara rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá mo sọ ìdí tí mo fi yíjú padà fún Derek. Mo ní n kò sọ ọ́, wọ́n á ní àwáwí ni. Wọ́n ní àlàyé yàtọ̀ sí àwáwí, bí ọmọdé kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, àgbà á bá a ṣe é. Àwọn fúnra wọn ló lọ bá ìgbìmọ̀. Derek ló padà sọ fún mi bó ṣe lọ. Ó ní Alhaji kò ní kí wọ́n fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ mi, ẹ̀rù sì ba àwọn náà púpọ̀, wọn kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé níbi tí a ti wá, bí àgbà bá kí ọmọ tí ọmọ náà kẹ́yìn sí i, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé ni, pé ara mi ti mọ ìkíni kó tó mọ ìbọn. Wọ́n ní àwọn náà ṣe àṣìṣe, kò yẹ kí àwọn kí ẹni tó wà lórí ìlà. Derek ní láyé òun, òun kò rò ó rí pé ìkíni lè pààyàn. Wọ́n ní kí n padà wá, kí Derek máa dúró tì mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sì fi òfin tuntun kún òfin: ẹnikẹ́ni tó bá wọlé kò gbọ́dọ̀ kí ẹni tó wà lórí ìlà, kó jókòó, kó dákẹ́, kó dúró títí gbogbo ìbọn yóò fi wà lórí tábìlì.

Sátidé tí mo padà lọ, mo wà lórí ìlà, mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ sálúbàtà Alhaji nílẹ̀, mo mọ ìró rẹ̀. Háà! Èmi, Kúdí, kí n kẹ́yìn sí àgbà kí n má lè mira! Orúnkún ń yún mi, òógùn bò mí nínú òtútù. Mo mí. Mo dúró. Mo yin ọta mi, kò tilẹ̀ bá dúdú àárín rárá, ẹ má bi mí léèrè. Mo gbé ìbọn sórí tábìlì, mo ṣí orí rẹ̀, Derek yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti dáa. Ìgbà náà ni mo tó yíjú padà. Alhaji jókòó sórí àga, wọ́n fi ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n fi Àjíkẹ́ sí i.

Lójú ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ni mo ń rò. Àwọn ọmọ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ìbọn ni wọ́n fi mú kí àgbà dojú bolẹ̀ fún ọmọdé. Níbi tí mò ń lọ yìí, ọmọdé á kọ́kọ́ gbé ìbọn sílẹ̀, á wá kúnlẹ̀ fún àgbà. N kò lè pa ohun tí wọ́n ṣe fún yín rẹ́, ó wù mí kí n lè ṣe é. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín kò sí lára wọn. Bí ẹ bá sì ní síbẹ̀síbẹ̀ kí n tà á, n ó tà á, Bàbá mi, pẹ̀lú róbà tuntun rẹ̀ àti ìdìmú tí mo fi ọwọ́ ara mi ha. N kò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹnu yín ni n ó ti gbọ́ ọ. N kò gbà á lẹ́nu Màmá, n kò sì gbà á lẹ́nu Ráṣídì.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, kí ẹ kí àwọn oníbàárà tó ṣì ń rántí mi, kí ẹ kí ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lódìkejì. Kí Ọlọ́run dá ojú yín sí kí ẹ lè máa rí ihò abẹ́rẹ́. Kó má jẹ́ kí ikọ́ yín di àìsàn. Kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kó sì jẹ́ kí n fojú kàn yín láyọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ẹ bá ti ti mọ́sáláṣí dé, tí ẹ ka ìwé yìí tán fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, n ó pè. Ẹ ti kírun tán nígbà náà, ẹ kò ní àlùwàlá kankan láti ṣe. Ìbọn wà nínú àpò àǹkárá yín, kò sí ọta nínú rẹ̀. Mo ti yíjú sí yín, ọwọ́ mi ṣófo, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ gbé fóònù, Bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Kúdírátù Àjíkẹ́